Mẹ́tàdínlógójì

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Iná ti lọ láti aago mẹ́jọ. Ìmọ́lẹ̀ fóònù ni mo fi ń kọ èyí, bátìrì rẹ̀ sì ku 14%.

Èsì ìdánwò sẹmẹ́sítà kìíní jáde lọ́sàn-án òní. GST 111, mo gba 68. CHM 101, 51. MTH 101, 37. Ogójì la fi ń yege níbí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣí i wò, bóyá 37 yẹn á wo ojú mi kó ṣàánú mi. Èmi tí mo gba A1 nínú ìṣirò ní WAEC! Èmi tí tíṣà máa ń pè sójú pátákó n'Ísẹ̀yìn pé kí n wá ṣàlàyé fún àwọn tó kù!

Kí n má purọ́, mo mọ ibi tó ti bàjẹ́. Kíláàsì MTH 101 aago mẹ́jọ àárọ̀, bí o ò bá tíì dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ìdí fèrèsé lo máa dúró sí, ìpàkọ́ àwọn èèyàn lo sì máa wò títí tí wọ́n á fi parí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mi ò lọ mọ́. Mò ń tan ara mi pé màá kà á nínú yàrá. Yàrá wo? Èyí tí wọ́n kọ́ fún ẹni mẹ́rin, tí àwa mẹ́jọ ń sùn sí? Ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní 300 level ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun gbé MTH 101 kó tó fi òun sílẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ibà.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn la ṣe matriculation. Bàámi fi ọ̀sẹ̀ méjì hun ẹtù fún mi, ó dúdú minimini, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ là á kọjá. Gáùn ilé ẹ̀kọ́ wá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Oòrùn ń yan wá bí àgbàdo, síbẹ̀ bí wọ́n bá ti fẹ́ ya fọ́tò, màá ṣí iwájú gáùn sílẹ̀ kí ẹtù lè yọjú. Màámi gbé kúlà ìrẹsì wá láti ilé, wọ́n ń bù fún ẹni tí wọ́n mọ̀ àti ẹni tí wọn ò mọ̀, wọ́n ń pe èmi ní ẹnjiníà. Mo gbà wọ́n gbọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n ti lọ, mo gbé ìrẹsì tó kù lé ẹsẹ̀, mo sunkún títí ó fi tutù. Mi ò mọ ohun tí mò ń sunkún sí. Ará Oǹdó tó ń sùn lókè bẹ́ẹ̀dì mi kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ó kàn na ọwọ́ wálẹ̀, ó ní kí n bu díẹ̀ fún òun. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, bí Màámi bá pè, "Dáadáa ni, mà" ni mò ń sọ. Mo ti ń fura sí dáadáa tiwọn náà, torí ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí wọ́n ráhùn iye tí wọ́n ra ẹ̀wà.

Bàámi ni mo pè nírọ̀lẹ́ òní, torí Màámi máa di ẹ̀bi náà ru ọ̀tá. Mò ń gbọ́ ìró òfì lẹ́yìn ohùn wọn, gbà, gbà, gbà.

"Bàámi, mo féèlì ìṣirò."

Ìró òfì dúró. Mo ti ń retí òwe. Bàámi kì í sọ gbólóhùn mẹ́ta kí wọ́n má pa òwe, mo tiẹ̀ ti rò pé òwú tó já ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé wọ́n á lé ẹ ni?"

"Rárá, sà. Màá tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ ni."

"Mélòó lo gbà?"

"Mẹ́tàdínlógójì."

"Nínú mélòó?"

"Ọgọ́rùn-ún, sà."

Wọ́n dákẹ́. "Ó kù díẹ̀ káàtó," ni wọ́n wí. Ẹkún àti ẹ̀rín jọ gbé mi lọ́fun. "Àjọkẹ́, ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun, sà."

"Lọ jẹun."

Bàámi kì í pa fóònù. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á kàn gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òfì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Èmi náà ò pa tèmi. Mo bu gààrí sí ife, mo bomi sí i, mò ń mu ún, mo sì ń gbọ́ wọn títí owó orí fóònù mi fi tán.