Ẹ̀sun Iṣu fún Ọ̀bẹ Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò bàbá mi tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù ló fún mi ní ọ̀bẹ àpò àkọ́kọ́ tí mo ní láyé, nígbà tó wá kí wa ní Iléṣà níparí ọdún 1986. Aṣọ ló kó fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Èmi àbíkẹ́yìn, irin ló gbé lé mi lọ́wọ́. Ọ̀bẹ náà pupa fòò, àgbélébùú funfun wà lára rẹ̀, gbogbo ohun tó ní ló sì ń kó sínú bí ahun.

Àgbélébùú yẹn ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ní ọ̀bẹ Red Cross ni, pé òun làwọn nọ́ọ̀sì fi ń bẹ́ eéwo. Ọ̀kan nínú wọn tí eéwo sọ nídìí kò tún bá wa ṣeré mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọn ò mọ̀ pé ti Red Cross, pupa ló wà lórí funfun. Funfun lórí pupa, ti orílẹ̀-èdè Switzerland ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, Bọ̀ọ̀dá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹbí. Ọ̀bẹ ńlá. Ọ̀bẹ kékeré. Àlùmọ́gàjí. Èyí tí wọ́n fi ń ṣí agolo. Èyí tí wọ́n fi ń ṣí ìgò. Irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń lu awọ. Lẹ́yìn náà ló fa irin kan tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ yọ, ó ní òun ni wọ́n fi ń fa èdídí ìgò wáìnì.

Bàbá àgbà wò ó títí. "Ẹmu tiwa, ewé la fi ń dí i. Ta ló ń fi irin fa ewé?"

Ará Switzerland kan tó ń jẹ́ Karl Elsener, tó ti ń ṣe ọ̀bẹ fún àwọn ọmọ ogun ìlú rẹ̀ láti ọdún 1891, ló fi irin lílọ́ yẹn sára ọ̀bẹ àwọn ọ̀gá ológun lọ́dún 1897. Ó jọ pé àwọn ọ̀gá náà kì í rin ìrìn òfìfo.

Ohun kékeré méjì ló kù tí wọ́n ki bọ ìdí ọ̀bẹ náà: ẹ̀mú tín-ínrín kan àti ìtayín. Ẹran sì ti há sí Bàbá àgbà léyín láti ọ̀sán. Wọ́n fa ìtayín yọ, wọ́n ta eyín wọn dáadáa, wọ́n nù ún, wọ́n fi sápò dàńṣíkí. "Èyí tó," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ sùn. Ta ló fẹ́ ní kí wọ́n dá a padà?

Ìyá àgbà ní tiwọn kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fi ìka ka nǹkan.

"Méje," wọ́n wí. "Irin méje nínú ilé kan. Ṣé ẹ ò gbọ́ pé Ògún méje l'Ògún-ún mi ni?"

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ pé ìyá ìjọ ni Ìyá àgbà o. Wọn kì í pa ìsìn jẹ lọ́jọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n ọmọ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, wọ́n sì dàgbà sílùú tí wọ́n ti ń ṣọdún Ògún. Lójú tiwọn, Jésù ló ni ọkàn, àmọ́ irin náà ní ẹni tó ni ín. Wọ́n ní irin tó ré òkun kọjá kò gbọdọ̀ febi sùn nínú ilé àwọn.

Bàbá mi ní, "Ìyá, ohun tí wọ́n fi ń ṣí agolo mà ni."

"Tó bá ṣí agolo tán, ṣé kò lè ṣí ọwọ́ ni?"

Ó wá ku oúnjẹ. Ẹni tó bá mọ oríkì Ògún mọ̀ pé ẹnu wọn ò dọ́gba: Ògún Alárá a gbajá, Ògún Onírè a gbàgbò, Ògún Ìkọlà a gbàgbín, Ògún Ẹlẹ́mọnà a gbẹ̀sun iṣu. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yàn. Ajá kan ṣoṣo tó wà nítòsí, ti aládùúgbò ni. Àgbò ń bẹ lọ́jà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò sí nílé. Nígbà tí wọ́n dé orí iṣu, wọ́n dákẹ́, wọ́n wo ìdí ààrò, wọ́n wá wo ọ̀bẹ mi. "Ẹlẹ́mọnà lèyí. Ojú ẹ̀ jọ ọ́."

Báyìí la ṣe sun iṣu. Ògún gba ìbù kan, àwa la jẹ ìyókù. Ìyá àgbà wá ṣí irin méjèèje sílẹ̀, wọ́n rọ epo pupa sí gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n pa á dé, wọ́n fi ewé wé e, wọ́n sì gbé e sójú fèrèsé. "Àkànní, ó di ọ̀la."

Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn débi pé ètè gbogbo wa ló là. Láàárọ̀ Kérésìmesì, Bọ̀ọ̀dá ti gba ọ̀dọ̀ àwọn àna rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Màmá mi ní agolo tòmátì tí wọ́n fẹ́ ṣí fún ọbẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró dè mí. Gbogbo ọmọ àdúgbò pé jọ. Eléèéwo pàápàá wá, ó dúró lókèèrè.

Mo tú ewé. Epo ti dì gbagidi nínú ọ̀bẹ. Mo fi èékánná fà á, èékánná yọ̀. Mo fi eyín fà á, kò mira, àfi ẹnu mi tó pupa yòò. Ni ẹnì kan bá figbe ta: "Ọ̀bẹ Red Cross ti gé Àkànní lẹ́nu o!" Eléèéwo ò dúró wo ìyókù, ṣe ló fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló wá sọ pé epo tó bá dì, iná ló ń yọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ olóye ni, ká ní epo nìkan ló wà níbẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ mi sí etí ìdáná eléèédú, ló bá lọ pọnmi. Epo yọ́. Èèpo ọ̀bẹ tó jẹ́ rọ́bà náà yọ́. Òórùn rẹ̀ la fi mọ̀. Nígbà tá a fi igi yọ ọ́ síta tó sì tutù, àgbélébùú ti wọ́, rọ́bà ti ṣàn wọ ibi tí epo ti jáde, irin méjèèje sì ti lẹ̀ mọ́ra.

Màmá mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé ọ̀bẹ ìdáná lé orí agolo, wọ́n fi ọmọ ọlọ lù ú, tòmátì tú jáde.

Ìyá àgbà yọjú. "Mo kúkú mọ̀. Onírè ni. Àgbò ló ń bèèrè, ẹ fún un níṣu."

Bàbá mi lanu, wọ́n wo ojú ìyá wọn, wọ́n tún un pa dé.

Nígbà tó ṣe, lẹ́tà Bọ̀ọ̀dá dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó béèrè bóyá mò ń gbádùn ọ̀bẹ náà. Bàbá mi, tí kì í parọ́, ní kí n mú bírò, wọ́n sì pe èsì fún mi kọ: "A dúpẹ́ gan-an ni. Bàbá ń lò ó lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ."