Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí pọ́ọ̀tù: ohun tó bá wà ní ààlà mọ́dẹ́ẹ̀lì, ẹ sọ ọ́ síta

Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi ni kí n gba mọ́dẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àfarawé ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà, lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, kí n so wọ́n pọ̀ di odidi ẹ̀rọ kan. Ẹnìkan á mú mọ́tò wá, ẹlòmíràn á mú bátìrì, ẹlòmíràn á mú ètò ìdarí. Kálukú ti dán tirẹ̀ wò, ó sì ṣiṣẹ́. Ìgbà tí a bá so wọ́n pọ̀ ni wàhálà máa ń dé, ẹnu pọ́ọ̀tù, ìyẹn ibi tí mọ́dẹ́ẹ̀lì kan ti ń so mọ́ òmíràn, ni mo sì ti ń bá a lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe inú ìṣirò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé: pọ́ọ̀tù tó bá wà ní ààlà, ẹ fúnra yín sọ gbogbo ohun tó jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí sọ́fítíwíà bá yín méfò.

Ẹ ṣí Inport, ìyẹn pọ́ọ̀tù ìwọlé, nínú Simulink, sọ́fítíwíà tí a fi ń kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì, ẹ ó rí -1 ní Port dimensions (iye nọ́ńbà tí pọ́ọ̀tù ń gbà) àti ní Sample time (àkókò láàárín ìṣirò kan àti èkejì), ẹ ó sì rí Inherit: auto níbi irú dátà. Ìyẹn ni pé kí pọ́ọ̀tù náà jogún ohunkóhun tí wọ́n bá so mọ́ ọn. Láàárín mọ́dẹ́ẹ̀lì, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ó ń dín iṣẹ́ kù. Ní ààlà ńkọ́? Bí ẹni tó ń fún yín ní signal (ohun tó ń gba wáyà wọ pọ́ọ̀tù) bá yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà sí vector onínọ́ńbà mẹ́ta, pọ́ọ̀tù yín á gbà á láì janpata, ìṣirò á máa lọ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àṣìṣe á sì lọ yọjú níbi tó jìnnà réré. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti kọ 1 sí Port dimensions ni, ẹnu pọ́ọ̀tù gan-an ni yóò ti figbe ta.

Nọ́ńbà pọ́ọ̀tù náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ẹ bá ki pọ́ọ̀tù tuntun bọ àárín àwọn ti tẹ́lẹ̀ nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì tí Model block (àpótí tó ń gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì kan sínú òmíràn) ń pè, ẹ padà sókè lọ wo wáyà yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ pé ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì wà, nígbà tí pọ́ọ̀tù ti sún. Bí irú dátà gbogbo wọn bá jẹ́ double (nọ́ńbà onídẹ́símà), kò ní sí ìkìlọ̀ kankan. Ohun gbogbo á ṣiṣẹ́, àwòrán á sì dára lójú. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn kí wọ́n di signal tó bá pọ̀ sínú bus, ìyẹn ìdì kan tí kálukú ti ní orúkọ.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ló ń bí mi nínú jù. Lọ́dún 1999, NASA pàdánù ọkọ̀ Mars Climate Orbiter. Ètò kan lórí ilẹ̀ ń fi pound-force second kọ bí ẹ̀ńjìnnì kéékèèké ṣe ti ọkọ̀ náà tó, ètò tó ń kà á sì gbà pé newton-second ni. Ìyàtọ̀ méjèèjì jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 4.45. Àyè Unit wà lórí Inport àti Outport, Simulink á sì kìlọ̀ bí wọn kò bá bára mu. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: fún ìyára yíyí, rad/s ni àbí rpm? Fún ìfúnpá, Pa ni àbí bar? Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìkìlọ̀ yẹn kò lè rí. Ìfúnpá tí a wọ̀n láti òfo pátápátá àti èyí tí a wọ̀n láti orí ìfúnpá afẹ́fẹ́ lè máa jẹ́ bar àwọn méjèèjì, kí ìyàtọ̀ wọn sì tó nǹkan bí bar 1. Inú orúkọ pọ́ọ̀tù ni mo máa ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí, ì báà gùn.

Pọ́ọ̀tù ti páìpù, wáyà àti ṣáfútù yàtọ̀. Kò ní ìwọlé tàbí ìjáde. Nínú Modelica, èdè kan tí a fi ń kọ mọ́dẹ́ẹ̀lì, fóltéèjì tàbí ìfúnpá gbọ́dọ̀ dọ́gba níbi tí a ti so wọ́n pọ̀. Èyí tí a kọ flow síwájú rẹ̀, bí ìṣàn iná, àpapọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òfo. Ohun tó ń wọ inú ẹ̀yà ló ń ju òfo lọ, èyí tó ń jáde ló ń kéré sí òfo. Nítorí náà, bí ìṣàn ní ẹnu ìjáde pọ́ǹpù bá kéré sí òfo, kò sí ohun tó bàjẹ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sábà máa ń fẹ́ fi -1 tún un ṣe. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí FMU, ìyẹn mọ́dẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dì kí sọ́fítíwíà mìíràn lè lò ó, ni wọ́n bá fún yín, fáìlì zip lásán ni. Ẹ tú u, kí ẹ ka modelDescription.xml kí ẹ tó so ó mọ́ nǹkan kan: causality á sọ èyí tó jẹ́ input, output àti parameter. Ẹ wò ó bóyá FMI, ìlànà tí a fi ń ṣe FMU, 2.0 ti 2014 ni tàbí 3.0 ti 2022, nítorí kì í ṣe gbogbo sọ́fítíwíà ló ń ka méjèèjì. Tó bá jẹ́ Co-Simulation, níbi tí kálukú ti ń ṣe ìṣirò tirẹ̀ tí wọ́n sì ń pàrọ̀ dátà látìgbàdégbà, ẹ kíyè sí ibi tí ẹ ti gé ẹ̀rọ sí méjì. Láàárín ìgbà tí wọ́n bá pàrọ̀ dátà, input sábà máa ń dúró sójú kan; bí ẹ bá gé e níbi spring tó le gan-an, ìṣirò lè máa gbọ̀n títí yóò fi fọ́n ká. Ibi tí nǹkan ti ń yí díẹ̀díẹ̀ ló dára láti gé.

Kí n tó jẹ́ kí mọ́dẹ́ẹ̀lì méjì fojú kan ara wọn, mo máa ń fi nọ́ńbà tí kò jọra ránṣẹ́ sí pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan: 11, 22, 33, bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà náà kò ní láti bá ẹ̀rọ mu. Màá wo ohun tó dé sí ẹnu pọ́ọ̀tù kejì. Bí 22 bá yọ níbi tí mo ti ń retí 33, mo ti mọ wáyà tí màá lọ tú.