Afèsì-má-sọ̀rọ̀

Sátidé. Òjò ò jẹ́ kí n dé ọjà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje tó wá lo họ́lìdé lọ́dọ̀ mi, ti kó gbogbo ìdérí ìkòkò sílẹ̀, ó ní ìlù lòun ń lù. Kí etí mi lè sinmi ni mo ṣe ṣí YouTube fún un, la bá kan Howdy Doody, eré ọmọdé tí ilé-iṣẹ́ NBC bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà lópin ọdún 1947.

Orí rédíò leré náà ti ṣẹ̀ wá. Bob Smith, atọ́kùn rẹ̀, a máa yí ohùn padà bíi ti ará oko kan, àwọn ọmọ tó ń gbọ́ ọ sì fẹ́ fojú rí onítọ̀hún. Nígbà tí wọ́n dé orí tẹlifíṣọ̀n, wọn ò tíì gbẹ́ Howdy Doody, ọmọláńgidi tí yóò ṣe ará oko náà, tán. Bob ní ojú ló ń tì í, pé ó sá sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Irọ́ yìí dùn mọ́ mi nínú.

Ṣùgbọ́n Clarabell ni ọmọ yìí ń wò ní tirẹ̀. Apanilẹ́rìn-ín tó kun ojú funfun ni, kì í sọ̀rọ̀ rárá. Họ́ọ̀nù méjì wà lára àpótí tó so mọ́ ìbàdí: ọ̀kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìkejì ń jẹ́ ó tì. Ó tún ní ìgò omi tó ń hó bíi míníràlì, orí Bob ló sì máa ń tú u lé, tí àwọn ọmọ bí ogójì tó wà níjòókòó á máa pariwo. Asọ̀rọ̀mágbèsì la ń pe rédíò. Tẹlifíṣọ̀n wá bí afèsì-má-sọ̀rọ̀. Ta lo fẹ́ bá wí nígbà tí ẹni tó ṣe ọ́ ò lẹ́nu tí yóò fi rojọ́?

Mẹ́ta lọkùnrin tó gbé aṣọ náà wọ̀. Bob Keeshan ló kọ́kọ́ ṣe é. Lew Anderson, onísaxophone, ló ṣe é kẹ́yìn.

"Anti, ṣé odi ni?"

Mo bá wá ìkẹyìn eré náà fún un, ti 24 Oṣù Kẹsàn-án 1960. Clarabell ti ń fọwọ́ júwe látìbẹ̀rẹ̀ pé òun ní àṣírí kan. Bob wá rí i níkẹyìn pé ó lè sọ̀rọ̀, ó ní kó sọ ọ́. Ìlù ń dún wúruwùru, kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ètè rẹ̀ gbọ̀n, omi lé sójú rẹ̀, ó wá rọra ní, ó dàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Iná kú. Bí ọdún mẹ́tàlá láìlanu, gbólóhùn kan péré, ìyẹn náà sì jẹ́ ìdágbére. Mi ò mọ̀ pé mo ti gbá fóònù mọ́ àyà.

Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀ yìí dákẹ́. Ó dìde, ó lọ mú ife àti ṣíbí. Àtìgbà yẹn, kọ́ọ́ kan ni bẹ́ẹ̀ ni, kọ́ọ́ méjì ni ó tì. Ìyá rẹ̀ pè nírọ̀lẹ́, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Kọ́ọ́.

"Kí ló ń dún nínú fóònù yẹn?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Aago mẹ́sàn-án ti lù báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó lọ wẹ̀ kó sùn ni.

Kọ́ọ́, kọ́ọ́.