Ìdí tó wà lábẹ́ àdúrà

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ìṣọ́ òru di ọ̀la ní ọ̀pọ̀ ìjọ, kókó àdúrà sì ti pọ̀ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Jákọ́bù orí 4, ẹsẹ 3 ló yẹ kí á rò kí ilẹ̀ tó mọ́: pé a máa ń bèèrè, a kì í rí gbà, torí pé ìfẹ́ inú ara wa la fẹ́ fi ohun tí a bèèrè tẹ́ lọ́rùn. Àwọn kan ti ti ibẹ̀ dé orí pé onígbàgbọ́ tòótọ́ kì í bèèrè nǹkan fún ara rẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Hánà bèèrè ọmọ, ó sunkún gidigidi, Ọlọ́run sì dá a lóhùn. Oúnjẹ òòjọ́ wà nínú Àdúrà Olúwa pàápàá. Kì í ṣe bíbèèrè ni ìṣòro.

Ẹ ṣí Máàkù orí 10. Nínú orí kan ṣoṣo yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni Jésù bi ènìyàn pé kí ni wọ́n fẹ́ kí òun ṣe fún wọn. Ní ẹsẹ 36, àwọn ọmọ Sébédè, Jákọ́bù àti Jòhánù, ló bi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ jókòó, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nínú ògo rẹ̀. Ní ẹsẹ 51, Bátíméù afọ́jú tó ń ṣagbe lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́ríkò ló bi. Ó ní òun fẹ́ ríran. Ara wọn ni gbogbo wọn bèèrè fún. Ṣùgbọ́n àga méjì péré ló wà lọ́tùn-ún àti lósì, ọmọ ẹ̀yìn sì jẹ́ méjìlá. Bí àwọn méjì bá gbà á, mẹ́wàá ti pàdánù nìyẹn, ìdí sì nìyí tí àwọn mẹ́wàá náà fi bínú ní ẹsẹ 41. Ojú Bátíméù ní tirẹ̀, bó bá là, kò fọ́ ojú ẹnikẹ́ni. Bó sì ti là ní ẹsẹ 52, ojú náà ló fi tọ Jésù lẹ́yìn lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, lójú tèmi, ìbéèrè méjì ló tó yẹ àdúrà wò: bí mo bá rí i gbà, ta ni yóò pàdánù? Bí mo bá sì ti rí i gbà tán, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀. Ẹ má kọ ju ohun márùn-ún lọ, torí ẹni tó bá kọ ogún kò ní ráyè sòótọ́ lórí ìkankan. Lábẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdí tó kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn, kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹni tó kọ pé òun fẹ́ kọ́lé lè rí i pé ìdí méjì ló wà níbẹ̀: kí àwọn ọmọ bọ́ lọ́wọ́ wàhálà onílé, àti kí ará ilé ọkọ òun lè mọ̀ pé òun náà ti dènìyàn. Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ rèé: a ó yára pa ìdí kejì rẹ́, a ó sì kọ “fún ògo orúkọ Rẹ” lé e lórí. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run bó ṣe rí: “Baba, mo fẹ́ fi ilé yìí ṣe fáàrí. Ẹ bá mi wo ìyẹn sàn ná.” Ọ̀pọ̀ ìgbà, bí a bá ti sọ ọ́ báyìí, ilé alájà tí à ń bèèrè á di yàrá mẹ́ta.

Àdúrà ipò kan ṣoṣo ló le jù. Àyè iṣẹ́ kan ṣí, ẹni mẹ́rin ló ń wá a, méjì nínú wọn sì lè jọ wà nínú ìjọ kan náà, kí kálukú máa pariwo pé kí ẹni tó jókòó sórí àga òun dìde. Ohun tí mo rò pé ó tọ́ láti gbà nìyí: “Olúwa, mo fẹ́ iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ ẹ gan-an. Ẹni mẹ́ta mìíràn náà fẹ́ ẹ. Ẹ fún mi lẹ́nu ọjọ́ tí wọ́n bá pè wá. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ yàn ṣòótọ́. Bí kò bá jẹ́ èmi, ẹ má jẹ́ kí n kórìíra ẹni tó bá gbà á.” Ẹ dárúkọ àwọn mẹ́ta náà bí ẹ bá mọ̀ wọ́n. Ó ṣòro láti pe ènìyàn lórúkọ níwájú Ọlọ́run kí á sì tún máa wá ìṣubú rẹ̀.

Àdúrà òwe ńkọ́, pàápàá níbi àdúrà òwúrọ̀ nínú ilé? “Baba, ẹ bá wa bá àwọn tó ń wọlé ní aago mọ́kànlá òru sọ̀rọ̀.” Gbogbo ilé mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí, ọmọ náà á sì tún ṣe àmín sí i. Mátíù 18:15 ní kí á lọ bá onítọ̀hún, àwa àti òun nìkan. Yàrá rẹ̀ kò jìnnà.

Èyí tó fara sin jù ni àdúrà tí à ń gbà fún ẹlòmíràn. Jóòbù 42:10 sọ pé Olúwa yí ìgbèkùn Jóòbù padà nígbà tó gbàdúrà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, la bá sọ ọ́ di oògùn: à ń gbàdúrà fún ọ̀rẹ́ kí tiwa lè yára dé. Jóòbù kò bá Ọlọ́run dá irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbàdúrà fún ti fi ẹ̀sùn kàn án láti orí kan dé orí kejì, a kò sì tíì gbọ́ pé ara rẹ̀ yá nígbà tó ń bẹ̀bẹ̀ fún wọn. Ẹ yan ẹni mẹ́ta tí ẹ kò retí ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Ẹ má fi ọ̀gá ibi iṣẹ́ kún un. Ẹ gba tiwọn ṣáájú tiyín, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí ẹ bi wọ́n pé kí ni kí á bá wọn bèèrè, torí a lè máa tọrọ ọkọ fún ẹni tó jẹ́ pé owó oògùn ìyá rẹ̀ ló ń wá. Bó bá sì jẹ́ owó oògùn ni, tí iye náà wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ránṣẹ́ ní alẹ́ yìí.