Ta ló ń bá ta jà?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òfin ogun, ẹ jẹ́ n ro ti ara mi fún yín. Ní ọdún kẹrin mi ní yunifásítì, a lọ díje níbi tí wọ́n ti ń ṣe bíi pé kọ́ọ̀tù gidi ni. Ẹjọ́ ọlọ̀tẹ̀ kan tí ọmọ ogun ìjọba mú ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ní òǹdè ogun ni, mo sì ka abala 4 Àdéhùn Geneva kẹta, èyí tó sọ ẹni tó ń jẹ́ òǹdè ogun, lórí, ara mi ń yá gágá. Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ta ló ń bá ta jà?"

Mo ní ìjọba àtàwọn ọlọ̀tẹ̀ rẹ̀ ni.

"Ogun orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni abala yẹn ń sọ. Kí ló gbé e dénú ìjà abẹ́lé?"

Òógùn bò mí.

Láti ọjọ́ náà, n kì í ṣí ìwé kankan kí n tó dáhùn ìbéèrè bàbá yẹn. Bó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè méjì ló ń jà, ẹ mú Àdéhùn Geneva mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti 1949 àti Àfikún Kìíní ti 1977. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó de àwọn méjèèjì: Amẹ́ríkà buwọ́ lu Àfikún náà, kò fòǹtẹ̀ jan án títí dòní.

Bó bá jẹ́ ìjà abẹ́lé, abala 3 ni, ọ̀kan náà nínú àdéhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò kún ojú ìwé kan. Mo tẹ tèmi, mo ká a sínú pọ́ọ̀sì. Fún àlàyé rẹ̀, ẹ ka èyí tí Red Cross gbé jáde ní 2016. Ti ayé 1950 ṣì wúlò, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Àfikún Kejì náà wà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló há: àfi káwọn ọlọ̀tẹ̀ ní ọ̀gá, kí wọ́n sì di ilẹ̀ kan mú.

Níbi tí àdéhùn ò bá dé, ìwádìí Red Cross ti 2005 lórí òfin àṣà (èyí tó ti inú ìṣe àwọn orílẹ̀-èdè jáde, láìsí pé wọ́n buwọ́ lu ìwé) wà, òfin 161, ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má kàn ka nọ́ńbà òfin fún adájọ́ o. Ìjọba Amẹ́ríkà kọ̀wé ní 2006 pé ẹ̀rí ẹ̀yìn rẹ̀ ò tó. Ẹ̀rí yẹn gan-an ni kí ẹ tú: ìwé ìlànà ológun, ìdájọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba.

Ibi tí mo ti ń tú u ni mo ti bá Nàìjíríà pàdé. Ìlànà tí Gowon fún àwọn ọmọ ogun ìjọba ní 1967, nígbà ogun Biafra, ní ẹni tó bá juwọ́ sílẹ̀, ẹ má pa á. Ẹ gba ohun ìjà rẹ̀, kí ẹ sì ṣe é bí òǹdè ogun. (Bóyá gbogbo wọn tẹ̀ lé e lójú ogun, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.) Ohun tí mo ń jà fún láìní ẹ̀rí lọ́wọ́, ìjọba tiwa ti fi fún àwọn tó ń bá a jà, láìsí abala 4 kankan tó kàn án nípá. Ká ní mo ti rí i kí n tó dúró níwájú bàbá yẹn ni!