Ohùn tí ò létí

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Tàkíè, Ògbómọ̀ṣọ́, lásìkò ìbò 2023. Mò ń ta káàdì, mò ń ṣe POS, mo sì máa ń bá àwọn àgbà yanjú fóònù wọn tó bá ń ṣe bákan. Ìyá kan wà tó máa ń kiri ẹ̀kọ kọjá níwájú wa láràárọ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n ti ń ra káàdì igba náírà sí i. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ igbá kalẹ̀ ni fóònù bá dún. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi sí wọn létí, àmọ́ fóònù yẹn máa ń pariwo débi pé èmi náà ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin kan ni, Yorùbá ẹnu ẹ̀ dùn, ó kí ìyá, ó kí bàbá, ó kí ọ̀dọ́, ó ní òun fúnra òun lòun ń pè yín yìí o, ó dárúkọ ara ẹ̀ àti ipò tó ń dù, ó ní òun ò ní gbàgbé mẹ̀kúnnù.

Bí ìyá ṣe kúnlẹ̀ nìyẹn. Lórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o sà, Ọlọ́run á gbè yín." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ọmọ wọn obìnrin fún un, pé ó bí ìbejì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àwọn ọmọ náà, pé owó tí wọ́n ní káwọn san lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà, pé wọn ò jẹ́ kó máa lọ sílé títí di ọjọ́ kọkànlá tí ọkọ ẹ̀ fi ta ilẹ̀ kékeré tó ní, pé gbèsè ṣì kù lọ́rùn àwọn, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá àwọn dá sí i. Ọkùnrin inú fóònù ò dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ lòun náà ń sọ tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ń gorí ọ̀rọ̀, ó ń ka ohun tó máa ṣe sórí ọ̀nà, sórí iná, sórí omi, ó dúpẹ́, ó já. Ìyá wojú mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o rò pé wọ́n gbọ́ mi?"

Mi ò kọ́kọ́ lè dáhùn. Ìgbà tó yá mo ṣàlàyé fún wọn pé ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni, pé kọ̀ǹpútà ló ń pe nọ́ńbà kiri, pé kò séèyàn kankan lódìkejì. Wọ́n ní rárá, àwọn gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí WhatsApp, mo rò ó fún wọn. Ohio ni wọ́n ń gbé ní Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kúrò nílé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún mi rí. Tèmi tún le, torí ẹnu mi ni wọ́n yá lò."

March 2010 ni. Ẹni tó bá rántí ìgbà yẹn á mọ̀ pé òfin ìlera tí Obama gbé wá ti pín Amẹ́ríkà sí méjì. Ohun tó wà nínú òfin yẹn pọ̀ lọ jàra, àmọ́ èyí tó kan ẹ̀gbọ́n mi ni pé tó bá fi máa di 2014, iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì ò ní lè sọ pé àwọn ò gba àgbàlagbà torí pé àìsàn ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé ọmọ á lè wà lórí inṣọ́ránsì òbí ẹ̀ títí tó fi máa pé ọmọ ọdún 26. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn fínra, iléeṣẹ́ méjì ló ti kọ̀ wọ́n. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú lójú wọn, oògùn tí wọ́n á máa lò ni.

Ìbò ọ̀hún sì le gan-an. Ilé aṣojú-ṣòfin wọn ti kọ́kọ́ dìbò ní November 2009, 220 sí 215, àwọn sẹ́nẹ́tọ̀ dìbò tiwọn lọ́jọ́ tó ku ọ̀la Kérésì, 60 sí 39, ó wá ku kí àwọn aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí èyí tí àwọn sẹ́nẹ́tọ̀ ṣe. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọwọ́ àwọn aṣòfin díẹ̀ tó ń ṣiyèméjì ni gbogbo ẹ̀ wà. Dennis Kucinich, ará Ohio náà ni, àmọ́ kì í ṣe aṣòfin àdúgbò ẹ̀gbọ́n mi o, ó ti dìbò rárá ní November, March 17 ló tó jáde sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lòun máa dì báyìí. Irú àwọn aṣòfin bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn ò tíì dúró síbì kan, àdúgbò wọn ni àwọn ẹgbẹ́ tó lówó lọ́wọ́ kó ẹ̀rọ ìpè wọn lọ. Kì í sì í ṣe apá kan ṣoṣo ló ń ṣe é, àwọn tó fẹ́ òfin náà ń ṣe é, àwọn tí ò fẹ́ ẹ náà ń ṣe é.

Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún mi dáadáa torí fóònù niṣẹ́ mi. Ẹnì kan á sọ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní pẹ́ púpọ̀. Wọ́n á kó nọ́ńbà àwọn ará àdúgbò aṣòfin yẹn sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á máa pè wọ́n lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún láìsinmi, ẹni tó bá gbé e á gbọ́ ohùn yẹn, níparí ẹ̀ ohùn náà á ní tẹ 1 ká so ẹ́ mọ́ ọ́fíìsì aṣòfin ẹ nísinsìnyí. Tó o bá ti tẹ 1, ó di Washington nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì á gbé e, wọ́n á béèrè orúkọ àti kóòdù àdúgbò, wọ́n á fàlà sábẹ́ "ó fẹ́" tàbí "kò fẹ́", lójú tiwọn ìwọ lo jókòó sílé, tó o ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, tó o wá fọwọ́ ara ẹ pè wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, fóònù ilé dún, ohùn obìnrin kan ń sọ nípa dókítà àti inṣọ́ránsì, wọn ò bá ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n rò pé iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì tí wọ́n kọ̀wé sí ló ń dá wọn lóhùn. Wọ́n tẹ 1. Ọmọkùnrin kan gbé e, ó béèrè orúkọ, ó béèrè kóòdù, wọ́n sọ ọ́ fún un, ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ mà, pé wọn ò fẹ́ kí aṣòfin wọn dìbò fún òfin ìlera, ẹ ṣeun, ó fẹ́ gbé fóònù kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn pariwo. "Mo ní dúró, dúró, mo fẹ́ ẹ! Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò fẹ́ ẹ?" Ọmọ náà ní ẹ máà bínú, láti wákàtí kan sẹ́yìn ibì kan náà ni gbogbo ìpè ti ń wá, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ó pa á rẹ́, ó kọ òmíì. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ń gbọ̀n nígbà tí àwọn gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì wọ́n fẹ́ fẹnu ara wọn pe ọ́fíìsì yẹn padà kí wọ́n lè sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà yìí látòkèdélẹ̀, kí ẹnì kan gbọ́ ọ. Láti àárọ̀ di ìgbà tí wọ́n lọ síṣẹ́, ojú ọ̀nà dí. Ìpè ti kún ibẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Mi ò ní kí ẹgbẹ́ kankan má sọ̀rọ̀, mi ò sì ní kí wọ́n má rọ aráàlú pé kó pe aṣòfin ẹ̀, ohun tó dáa ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹnu ọ̀nà aṣòfin ò tóbi, èèyàn kan ló lè gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ bá wá kó ohùn tí ò láìsàn lára, tí ò lọ́mọ, tí ò jẹ gbèsè, tí ẹ fi dí ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹni tó ru ẹrù wá látọ̀nà jíjìn ìta ló máa dúró sí. Ẹni tí ẹ̀rọ sì bá sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹ̀ láìjẹ́ pé ó rán an, wọ́n ti jà á lólè, bí wọn ò tiẹ̀ mú kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Òfin yẹn wọlé ṣá, March 21, 219 sí 212, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ẹgbẹ́ alátakò Obama, kankan tó dìbò fún un, Obama fọwọ́ sí i ní March 23. Ní 2017 wọ́n tún fẹ́ fà á tu, ìpè tún kún ọ́fíìsì àwọn aṣòfin, ẹ̀gbọ́n mi ò sùn mọ́jú July 28 tí John McCain, sẹ́nẹ́tọ̀ Republican kan, na àtàǹpàkò sísàlẹ̀ níwájú gbogbo Sẹ́néètì pé òun ò fọwọ́ sí i, ó di 49 sí 51, wọn ò rí òfin náà fà tu. Ní gbogbo ìgbà yẹn wọ́n láwọn tẹra mọ́ pípè, àwọn ń pè kí ilẹ̀ tó mọ́ torí ìgbà yẹn làyè máa ń wà láti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ ọ́fíìsì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Amẹ́ríkà lófin lórí ìpè ẹ̀rọ o, láti 1991, tó ní ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ohùn ẹ̀rọ pe fóònù alágbèéká ẹni tí kò fún yín láṣẹ. Ní 2003 wọ́n tún ṣe ìwé orúkọ kan, tó o bá ti forúkọ sí i ọlọ́jà ò gbọ́dọ̀ pè ẹ́ mọ́. Àmọ́ ìpè òṣèlú ò sí lára ohun tí ìwé yẹn dí, fóònù ilé sì ṣí sílẹ̀ fún wọn nígbà yẹn, torí wọ́n ka ọ̀rọ̀ òṣèlú sí ohun tí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ dáàbò bò jù lọ. Mo gbọ́ àlàyé yẹn, kò wọ̀ mí lára. Òmìnira èèyàn ni, ẹ̀rọ ò bí bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹ sì wo ibi tó já sí, January 2024 wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ohùn Biden, ohùn ẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n fi pe àwọn ará ìpínlẹ̀ New Hampshire pé kí wọ́n má jáde dìbò abẹ́lé. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù níbẹ̀ wá sọ pé ohùn àtọwọ́dá irú ẹ̀ wà lábẹ́ òfin 1991 yẹn, nígbà tó di September ọdún yẹn, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 6 dọ́là lé ẹni tó wà nídìí ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ tèmi gbọ́ bó ṣe ń mí, ẹ rántí.

Tiwa nílé níbí, mi ò tiẹ̀ rí ẹ̀rọ tó ń pe aṣòfin. Àwọn ló ń fi ẹ̀rọ pe wa, ìgbà ìbò, ó tán. Mo pe nọ́ńbà tó pe ìyá padà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní kò lọ. Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 kí mẹ́sééjì àwọn ọlọ́jà lè dúró, ìyẹn ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba, àmọ́ ta ló ń dáhùn tí àwa bá pè? Òfin adójútòfò ìlera tuntun, ìyẹn inṣọ́ránsì ìlera tiwa, ni Buhari fọwọ́ sí ní May 19, 2022, òfin yẹn ní dandan ni kí gbogbo olùgbé Nàìjíríà wà lórí ètò náà, ó sì ní kí wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí ò lágbára. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní àjọ tiẹ̀, OYSHIA. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń wá gbowó lọ́dọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ohùn dídùn yẹn ka ọ̀nà, ó ka iná, ó ka omi, kò dárúkọ ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ọmọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó múra dáadáa, ó ní òun máa fún mi lówó tí mo bá lè kọ nọ́ńbà gbogbo àwọn kọ́sítọ́mà POS mi fún òun, ó ní fún ọ̀rọ̀ ìbò tó ń bọ̀ ni. Ibi tí wọ́n ti ń rí nọ́ńbà wa nìyẹn o. Òfin tó ní kí wọ́n dáàbò bo irú nǹkan yẹn wà láti June 2023, àmọ́ ká tiẹ̀ ní kò sí, mo rántí orúnkún ìyá lórí sìmẹ́ńtì mi. Mo ní kó máa lọ. Tó o bá ń ṣe irú iṣẹ́ mi tí wọ́n bá wá bá ẹ, mo bẹ̀ ẹ́, má gbà.

Lẹ́yìn ìbò 2023 yẹn, nígbà tí wọ́n ti búra fún wọn l'Ábújá ní June, mo sọ fún ìyá pé ká lọ sí ọ́fíìsì aṣòfin wa tó wà nílé. Wọ́n kọ́kọ́ ní ẹnu àwọn ò tó o. Mo bá wọn kọ lẹ́tà, kì í ṣe tọrọ owó, a ní kí wọ́n fi àwọn ọlọ́jà àdúgbò wa sórí adójútòfò ìlera, torí a gbọ́ pé àwọn aṣòfin míì máa ń san án fún àwọn èèyàn wọn. Ìyá wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi kàtàrí, ọ̀gá ò sí níbẹ̀, ọmọbìnrin kan ló gba lẹ́tà wa, ó ṣí ìwé ńlá kan, ó ní kí ìyá fẹnu ara wọn sọ ohun tó gbé wọn wá kóun kọ ọ́. Wọ́n rò ó. Ohun kan náà tí wọ́n rò fún fóònù ọjọ́sí ni, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ń dúró, ọmọ náà ń béèrè, wọ́n ń dáhùn. Ìgbà tó parí, ìyá ní kó ka ohun tó kọ fún àwọn. Ó kà á, orúkọ, àdúgbò, iṣẹ́ abẹ, iye owó, gbèsè tó kù.

Ìyá ní kò tíì pé. Wọ́n na ìka sí ìwé náà. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbejì ni."