Mo ti mọ ibi tí ọmọ yẹn ti wá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ mi. Lọ́dún 2016, kí Rogue One, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù Star Wars, tó jáde, kò sí ẹni tí mi ò búra fún pé Jyn Erso, akọni obìnrin inú rẹ̀, ló bí Rey, akọni obìnrin inú fíìmù tó jáde ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi: ojú jọ ojú, irun jọ irun, mo tiẹ̀ ṣírò ọjọ́ orí wọn sínú ìwé. Oṣù December dé, Jyn kú sí etíkun Scarif láìbí ẹnikẹ́ni, àbúrò mi obìnrin tó jókòó tì mí sì ń rẹ́rìn-ín níbi táwọn èèyàn ti ń nu omijé.

Torí náà, tí mo bá sọ pé mo ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù Star Wars: Starfighter tó ń bọ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ohun tí wọ́n sọ fún wa kò pọ̀. Shawn Levy ló ń darí ẹ̀, Ryan Gosling ni olórí òṣèré, ọjọ́ 28 oṣù May 2027 ni wọ́n dá fún wa. Ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 5 lẹ́yìn The Rise of Skywalker, fíìmù Rey tó jáde lọ́dún 2019. Ọ̀dọ́langba kan, Flynn Gray, wà níbẹ̀ pẹ̀lú Gosling. Ó tán.

Àbúrò mi ní Rey gbọ́dọ̀ yọjú. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Láti 2023 ni wọ́n ti kéde pé Daisy Ridley, tó ń ṣe Rey, máa ní fíìmù tirẹ̀, èyí tí ìtàn rẹ̀ yóò wáyé ní nǹkan bí ọdún 15 lẹ́yìn ogun Exegol, ìyẹn ogun tó parí The Rise of Skywalker. Tí wọ́n bá ti gbé e jáde níbí, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ fi hàn wá níbẹ̀? Ẹ tún wo orúkọ fíìmù náà fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ ogun òfurufú ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní Jedi, irú jagunjagun tí Rey jẹ́.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹnikẹ́ni ò mọ ìparí. Kí Rogue One tó bẹ̀rẹ̀ la ti mọ̀ pé àwòrán bí wọ́n ṣe kọ́ Death Star, ohun ìjà ńlá yẹn, máa dé ọwọ́ Ọmọọba Leia, torí fíìmù àtijọ́ ti fi hàn wá. Nígbà tá à ń wo Solo, fíìmù ìgbà èwe Han Solo, gbogbo wa mọ̀ pé Han máa gba ọkọ̀ Millennium Falcon lọ́wọ́ Lando, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èyí kò sí bẹ́ẹ̀. Kò sí fíìmù kankan níwájú ẹ̀ tó ti so ó lọ́wọ́ so ó lẹ́sẹ̀.

Ó dáa, ìméfò tèmi rèé. Ṣé ẹ rántí Finn, ọmọ ogun tó sá kúrò lọ́wọ́ First Order, ẹgbẹ́ ogun aninilára tí Rey ń bá jà? FN-2187 ni wọ́n ń pè é, torí wọ́n ti jí i gbé kúrò nílé àwọn òbí tí kò lè dá mọ̀ mọ́. Lọ́dún 2019 a tún pàdé Jannah àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí òṣùpá Kef Bir. Wọ́n jí àwọn náà gbé ní kékeré, wọ́n kọ̀ láti yìnbọn lu ará ìlú, wọ́n sì sá. Lẹ́yìn ogun, Lando bi Jannah pé ibo ló ti wá. Ó ní òun ò mọ̀. Lando ní kí àwọn lọ wádìí ẹ̀. Fíìmù parí, ẹnikẹ́ni ò sì bá wa wádìí nǹkan kan títí dòní! First Order fi ọmọ ọlọ́mọ kún ibùdó ogun, wọ́n fọ́n ká, a wá ń jó. Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́?

Ẹ bá mi ṣírò. Ká ní wọ́n gbé ọmọ kan lọ́mọ ọdún 5, tó lo ọdún 5 lọ́wọ́ wọn kí Exegol tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 5 míì, ó ti pé 15. Ọ̀dọ́langba nìyẹn! Gosling ní tiẹ̀, mo gbà pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa ọkọ̀ fún First Order ni, bóyá òun gan-an ló wa ọkọ̀ tó gbé ọmọ náà lọ. Ó ń mú un padà sílé báyìí, ọmọ ò sì mọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó gbé òun.

Ìpolówó ẹ̀ lè jáde lọ́la kó sọ mí di òpùrọ́, àmọ́ ìpolówó gan-an ń purọ́. Nínú ìpolówó Rogue One, wọ́n fi Jyn hàn wá lórí ilé gogoro, tó dojú kọ ọkọ̀ ogun TIE. Mo jókòó de ibẹ̀ títí fíìmù fi parí. Wọ́n ti gé e kúrò.

Mo ka gbogbo èyí fún àbúrò mi. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ta ló bí ta lẹ tún bẹ̀rẹ̀ yìí o."

Mo ní rárá, ti ta ló jí ta gbé ni.

"Ẹ sì tún ti ṣírò ọjọ́ orí wọn sínú ìwé?"

Mo rọra pa ìwé náà dé.